Sígínà Tí A Kò Pè: Bí A Ṣe Ń Wá Ìdí Rẹ̀ Lórí FT8

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ọmọ ìlú tó ń lo rédíò ámátọ̀, ní ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì. A tẹ̀ ẹ́ síbí nítorí àwọn tí kò ráyè wá.

 

Ẹ̀yin tí ẹ kì í lo rédíò, ẹ má tíì lọ, ọ̀rọ̀ náà kò le. Rédíò ámátọ̀ ni èèyàn fi ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ láti ilé rẹ̀, pẹ̀lú ìwé àṣẹ ìjọba, láìlo nẹ́tíwọ̀kì fóònù rárá. Lọ́jọ́ tí òpó nẹ́tíwọ̀kì bá dákẹ́, rédíò yìí kò ní dákẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ìlú wa ní àwọn tó mọ̀ ọ́n lò dáadáa.

FT8 ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń lò báyìí. Joe Taylor àti Steve Franke ló gbé e jáde ní 2017. Taylor yìí kan náà wà lára àwọn méjì tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì ní 1993. Kọ̀ǹpútà ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ẹnu. Ìṣẹ́jú àáyá 15 ni ẹ ó fi sọ tiyín, ẹ ó dákẹ́ fún 15, ẹnì kejì á dáhùn. Ohùn ẹnì kọ̀ọ̀kan gba àyè 50 Hz péré, gbogbo wa sì ń pín nǹkan bíi 3,000 Hz lò, irú èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti 14.074 MHz. Ẹ fi wé ọjà tó ní 60 ìsọ̀ tó fara kínra.

FT8 lè gbọ́ ẹni tí ohùn rẹ̀ ti rì sínú ariwo, tó fi nǹkan bíi 20 dB lọ sílẹ̀ ju ariwo náà lọ. Ẹni tó wà nílé, tó ń fi 5 wọ́ọ̀tì àti wáyà kan ṣoṣo pè, ohùn rẹ̀ lè dé Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀dà sígínà ẹlòmíràn bá lọ jókòó sórí ìsọ̀ rẹ̀, a ò ní gbọ́ ọ, òun náà ò sì ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ohun tó mú mi wá síwájú yín nìyẹn.

Ibi mẹ́ta ni sígínà tí a kò pè ti ń wá: ohun tí ẹ̀rọ wa ń rán jáde, ohun tí ẹ̀rọ wa ń dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tó ń gbọ́, àti ohun tí ilé wa ń kó wọlé. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ mọ èyí tó jẹ́ ná, kí ẹ tó fọwọ́ kan bọ́tìnì kankan.

ÌKÍNNÍ: OHUN TÍ À Ń RÁN JÁDE

Ẹnì kan kọ̀wé sí yín pé, "Ẹ̀gbọ́n, mo rí yín níbi mẹ́ta." Ẹ bi í pé níbo? Bí ẹ bá wà ní 600 Hz, tó rí yín ní 1,200 àti 1,800 náà, ìlọ́po méjì àti mẹ́ta nìyẹn. Ohùn tó ń ti kọ̀ǹpútà wọ rédíò ló pọ̀ jù. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹ pa kọ́mprẹ́sọ̀ tó wà fún ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ wá fa Pwr inú WSJT-X sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí abẹ́rẹ́ ALC kò fi ní mira mọ́, tàbí kó mira díẹ̀ péré, bí ìwé rédíò yín bá ṣe wí. Lẹ́yìn náà, níbi Split, ẹ yan "Rig" tàbí "Fake It". Ohùn yín á máa wà láàárín 1,500 sí 2,000 Hz, ìlọ́po méjì rẹ̀ á wá di 3,000 ó kéré tán, fílítà rédíò á sì dá a dúró.

Bí ẹ̀dà bá jókòó sọ́tùn-ún àti sósì yín, tí àlàfo wọn dọ́gba, iná ìjọba ni kí ẹ fura sí. Ní Nàìjíríà àti ìlú Ọba, 50 tàbí 100 Hz ni àlàfo náà máa ń jẹ́; ní Amẹ́ríkà, 60 tàbí 120. Ẹ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù, ẹ fi bátìrì gbé rédíò náà. Bí ẹ̀dà bá pòórá, ọwọ́ ti bà á.

Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí agbára pọ̀ nìkan ni wàhálà ń ṣẹlẹ̀, tí máòsì ń fò, tí USB ń já, sígínà yín ló ń gba ara wáyà padà wọlé. Ẹ dín agbára kù sí 5 wọ́ọ̀tì kí ẹ wò ó. Bó bá dẹwọ́, ẹ we wáyà USB mọ́ òrùka fẹ́ráìtì, kí ẹ sì gbé áńtẹ́nà jìnnà sí tábìlì.

Ẹ pa ìró kọ̀ǹpútà náà. Ìró "ẹ ti gba lẹ́tà" kò gbọdọ̀ bọ́ sórí afẹ́fẹ́.

ÌKEJÌ: OHUN TÍ À Ń GBỌ́

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ rí ẹlòmíràn níbi mẹ́ta ńkọ́? Ẹ má tíì kọ̀wé sí i. Bí onítọ̀hún bá wà nítòsí, ó lè jẹ́ pé ohùn rẹ̀ ló kún ẹ̀rọ tiyín lọ́fun. Ẹ pa prí-áńpù, ẹ tan ATT. Bí ohùn gidi bá lọ sílẹ̀ díẹ̀, àmọ́ tí ẹ̀dà pòórá pátápátá, ẹ̀rọ yín ló bí ẹ̀dà náà. Ẹ wo ìwọ̀n ohùn tó ń wọlé ní WSJT-X pẹ̀lú: nígbà tí ariwo nìkan bá wà, nǹkan bíi 30 dB ló dáa.

ÌKẸTA: OHUN TÍ ILÉ Ń KÓ WỌLÉ

FT8 kì í kọjá ààyè ìṣẹ́jú àáyá 15 rẹ̀. Ìlà yòówù tó bá ń ṣàn lójú kọ̀ǹpútà láìdúró, kì í ṣe FT8. Ìnfátà, ẹ̀rọ tó ń darí sólà sínú bátìrì, gílóòbù LED, ṣájà fóònù olówó pọ́ọ́kú: gbogbo wọn lè máa pariwo. Ẹ fi bátìrì gbé rédíò, ẹ pa iná gbogbo ilé, ẹ tẹ́tí. Ìnfátà àti sólà náà, ẹ pa wọ́n, torí wọn kì í bá iná ìjọba lọ. Kí ẹ wá máa tan nǹkan padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan o! Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá yí nǹkan mẹ́ta pa pọ̀ kò ní mọ èyí tó wò ó sàn.

Bí gbogbo ilé bá dákẹ́ tí ariwo ṣì wà, ilé aládùúgbò ni. Ẹ fi sùúrù lọ bá wọn. Wọn ò mọ̀ pé gílóòbù lè dí rédíò lọ́wọ́.

BÍ Ẹ ṢE LÈ YẸ ARA YÍN WÒ

Yunifásítì Twente ní Netherlands ní rédíò kan tí ẹnikẹ́ni lè gbọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, WebSDR ni wọ́n ń pè é. Bí ohùn yín bá ń dé ibẹ̀, ẹ lè fojú ara yín rí sígínà yín bí àjèjì ṣe ń rí i. Ẹ tún wo PSK Reporter: bí wọ́n bá gbọ́ yín lórí fíríkúẹ́ńsì méjì nínú ìṣẹ́jú àáyá 15 kan náà, ẹ padà sí ìkínní.

Bí ẹ bá sì fẹ́ sọ fún ẹlòmíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é lójú gbogbo gúrúùpù. Ẹ pè é sí kọ̀rọ̀, ẹ sọ aago, ẹ sọ fíríkúẹ́ńsì, ẹ fi àwòrán ojú kọ̀ǹpútà ránṣẹ́. Ẹni tí a bá dójú tì á pa rédíò tì. Ẹni tí a bá fọ̀wọ̀ bá sọ̀rọ̀ á tún un ṣe.

Ẹni tí ohùn rẹ̀ kéré jù lórí afẹ́fẹ́ lè jẹ́ ọmọ ìlú wa tó ń wá ìrànlọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká fi àyè sílẹ̀ fún un.

 Ìlú wa á máa gòkè o. 73 ni àwa onírédíò fi ń dágbére: 73 fún gbogbo yín.