Ogunléndé àti Ìtọ́jú Ara Wọn

Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ fún àyẹ̀wò ni ìtọ́jú ara àwọn ogunléndé. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò pé kò sí ohun tí ogunléndé lè ṣe ju kí ó tẹ́wọ́ gba ìrànlọ́wọ́ lọ. Èmi kò fara mọ́ èrò yìí.

Ní ọdún 1971, nígbà tí ogun ń jà ní ilẹ̀ tí ó di Bangladesh, nǹkan bí mílíọ̀nù 10 ènìyàn ni ó sá wọ orílẹ̀-èdè Íńdíà. Ní Bangaon, nítòsí ààlà, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ láàrin wọn. Àrùn yìí a máa fi ìgbẹ́ gbuuru àti èébì gbẹ omi ara ènìyàn títí ẹ̀mí yóò fi bọ́. Ohun tí àwọn oníṣègùn gbẹ́kẹ̀ lé nígbà náà ni kí a fa omi sí aláìsàn lára. Ṣùgbọ́n yàrá méjì péré tí ó ní ibùsùn 16 ni ilé ìwòsàn náà ní. Aláìsàn kún ilẹ̀ẹ́lẹ̀, omi tí a ń fà sí wọn lára sì ń tán lọ.

Dókítà Dilip Mahalanabis ni ó ń ṣe olórí iṣẹ́ níbẹ̀. Ó ní kí a po iyọ̀, glúkóòsì àti sódà mọ́ omi, kí àwọn ìyá àti ẹbí aláìsàn máa bù ú fún wọn mu. Glúkóòsì yìí ni ó ń jẹ́ kí ìfun lè fa iyọ̀ àti omi padà sínú ara. Ẹni tí àìsàn ti wọ̀ lára jù ni a wá ń pa omi ìfàsára mọ́ fún. Ṣáájú èyí, nǹkan bí 30 nínú 100 aláìsàn ni ó ń kú. Nínú àwọn tí ó lé ní 3,000 tí a tọ́jú báyìí, àwọn tí ó kú kò tó 4 nínú 100. Ẹ kíyè sí i pé àwọn ogunléndé fúnra wọn ni wọ́n di olùtọ́jú.

Èyí kò wí pé kí ìjọba káwọ́ gbera. Àdéhùn Geneva ti ọdún 1951 là á sílẹ̀ pé kí ogunléndé tí ó ń gbé ìlú lọ́nà òfin máa rí ìrànlọ́wọ́ ìjọba gbà gẹ́gẹ́ bí ọmọ onílẹ̀. Bí omi mímọ́ àti iyọ̀ kò bá sí ní Bangaon, kí ni àwọn ìyá wọ̀nyẹn ì bá pò? Ṣùgbọ́n oògùn tí a kò ṣàlàyé ní èdè tí ìyá ọmọ gbọ́, àbọ̀ ìtọ́jú ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Láti ọdún 2017 ni àwọn ará Kamẹrúùnù ti ń sá wá sí ìpínlẹ̀ Cross River àti Benue ní Nàìjíríà. Àwọn olùkọ́, agbẹ̀bí àti ìyá ọlọ́mọ wà nínú wọn. Nítorí náà, ìbéèrè tí mo gbé síwájú ẹ̀yin tí a jọ jókòó nìyí: kí a tó pín oògùn fún wọn, ta ni nínú wa tí ó ti bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe?