Kí Á Tó Ra Kọ̀ǹpútà fún Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa

(Ọ̀rọ̀ tí Olùṣekòkáárí Ẹ̀ka Ọ̀dọ́ bá àwọn ọmọ ìlú sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́)

  

Owó tí a ń dá láti fi ra kọ̀ǹpútà 20 fún ilé-ẹ̀kọ́ girama wa ló gbé mi dìde. Èrò tó dáa ni. Láti ọdún 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni àwọn ọmọ ti ń ṣe ìdánwò JAMB. Ìbéèrè 180 ni, wákàtí 2 péré. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: ìṣẹ́jú-àáyá 40 ló kan ìbéèrè kan. Ọmọ tí ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí, kí ló fẹ́ rí mú bọ̀ níbẹ̀?

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Àwa ọ̀dọ́ lọ bá olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní fisíìsì. Láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń kọ́ wọn, tiwọn fúnra wọn sì ni. Wọ́n ti wa PhET sórí ẹ̀, ètò ọ̀fẹ́ tí Yunifásítì Colorado ní Amẹ́ríkà ṣe. Tí wọ́n bá ti wà á sílẹ̀, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Lórí ẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń so wáyà mọ́ bátìrì àti gílóòbù. Tí wáyà ò bá yí po dáadáa, gílóòbù ò ní tàn. Olùkọ́ ní tẹ́lẹ̀, àwọn á yà á sójú pátákó, àwọn ọmọ á dà á kọ, ó parí. Nísinsìnyí, wọ́n ń jiyàn. Ọmọbìnrin kan tí kì í lanu ní kíláàsì ló ṣàlàyé fún àwọn yòókù ìdí tí gílóòbù méjì tí wọ́n so tẹ̀lé ara wọn fi ń tàn bàìbàì ju ẹyọ kan lọ.

Ẹ wá gbọ́ wàhálà ibẹ̀. Ọmọ 60 ló wà ní kíláàsì, márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń yí láptọ́ọ̀pù ká. Bátìrì ẹ̀ kì í tó kíláàsì méjì. Àpò olùkọ́ ni owó dátà ti ń jáde. Tí ìjọba bá sì gbé wọn lọ síbòmíràn lọ́la, gbogbo ẹ̀ tẹ̀ lé wọn lọ nìyẹn.

Kọ̀ǹpútà 10 tí ẹni rere kan ti fún ilé-ẹ̀kọ́ náà rí ńkọ́? Ó wà nínú yàrá títì. Kò síná, kò sẹ́ni tó ń tún un ṣe, eku ti jẹ wáyà ẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ wa rèé:

1. Kí á ra kọ̀ǹpútà 8, kí á fi ìyókù owó gbé sólà.
2. Kí á fi Kolibri sórí ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn yòókù á máa ka ẹ̀kọ́ láti ara ẹ̀ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.
3. Kí á kọ́ olùkọ́ mẹ́ta, kó má jẹ́ ẹyọ kan.
4. Kí á ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀ lọ́dọọdún.

Àwa tá a wà ní yunifásítì á máa wálé nígbà ìsinmi wá tún èyí tó bá bàjẹ́ ṣe, a ò ní gba kọ́bọ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Owó ń bẹ lọ́wọ́ yín, agbára ń bẹ lára wa.

Ìgbìmọ̀ ò tíì náwó náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ èrò yín sórí group kí wọ́n tó ná an. Ìlú wa á gòkè o.