Ta Ní Ń Dáhùn Lórúkọ Yín?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá kò lọ́jú pọ̀: ẹni tó bá ní dómèènì, kó máa yẹ àwọn nameserver rẹ̀ wò lóòrèkóòrè, kó sì máa yẹ̀ wọ́n wò láti òkè wá. Wíwo ojú ìkànnì kò tó. Ojú ìkànnì lè máa dán bó ṣe ń dán lánàá, kí àṣẹ orí orúkọ náà sì ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Láti 1983 tí Paul Mockapetris ti gbé DNS, ètò orúkọ dómèènì, kalẹ̀, bíbéèrè ni kọ̀ǹpútà ń béèrè kó tó mọ ibi tí ìkànnì wà. Bí orúkọ náà bá parí sí .ng, ìbéèrè á kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn sáfà gbòǹgbò, tí wọ́n fi lẹ́tà A dé M pè. Àwọn yẹn kò mọ ìkànnì yín. Ẹni tó ń tọ́jú .ng ni wọ́n mọ̀. Àwọn sáfà .ng, tí àjọ NiRA ń bójú tó, á wá dárúkọ àwọn nameserver tí ẹ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Àwọn nameserver wọ̀nyí ló ń sọ ibi tí ìkànnì wà, àwọn náà ló ń sọ ibi tí ímeèlì yín yóò gbà. Nítorí náà, olè tó bá wọ àkáǹtì tí ẹ fi ra dómèènì kò ní iṣẹ́ kankan ṣe lórí sáfà yín. Ó dà bí ẹni tó lọ yí orúkọ onílẹ̀ padà nínú ìwé ìjọba nígbà tí onílé ṣì jókòó sí pálọ̀ rẹ̀.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní oṣù kẹwàá 2016, àwọn olè gba gbogbo dómèènì bánkì kan ní Brazil, 36 lápapọ̀. Kaspersky, ilé-iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Fún wákàtí mélòó kan, oníbàárà tó bá tẹ àdírẹ́sì bánkì náà láìṣì í kọ, ọ̀dọ̀ àwọn olè ló ń gúnlẹ̀ sí. Bánkì kò tilẹ̀ lè fi ímeèlì kìlọ̀ fún wọn, torí ímeèlì náà ti bá dómèènì lọ.

Àwọn kan á ní àgádágodo kékeré tó ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì ti tó ẹ̀rí. Kò tó. Àwọn olè Brazil ní àgádágodo tiwọn, ojúlówó sì ni, torí ohun tí ẹni tó ń fún ni ní ìwé-ẹ̀rí náà ń wádìí kò ju pé ẹni tó béèrè ló ń darí dómèènì lọ. Wọ́n sì ń darí rẹ̀ lóòótọ́. Àwọn mìíràn á ní iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó gba ìkànnì sílé ni yíyẹ̀wò yìí. Ṣùgbọ́n àkáǹtì dómèènì lè wà níbòmíràn pátápátá, pẹ̀lú ímeèlì òṣìṣẹ́ tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Àtakò tó wúwo jù ni pé yíyẹ̀wò kì í dá olè dúró: wọ́n lè yí nameserver padà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí wọ́n dá a padà. Mo gbà. Ìdí nìyẹn tí yíyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún kò fi wúlò, tó sì yẹ kí ẹ̀rọ máa ṣe é lójoojúmọ́, kí àkáǹtì náà sì ní ìdánimọ̀ onípele méjì. Nígbà tí irú olè yìí ń dààmú ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, CISA, àjọ ààbò kọ̀ǹpútà ti Amẹ́ríkà, pàṣẹ ní 22 oṣù kìíní 2019 pé kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ yẹ àkọsílẹ̀ DNS wọn wò láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10.

Ibi tí ẹ ti béèrè ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá lo nslookup lásán, sáfà tó sún mọ́ yín lè fún yín ní ìdáhùn tó ti fi pamọ́; lórí .com, 172800 ìṣẹ́jú-àáyá ni wọ́n gbà láyè kó fi pa ìdáhùn náà mọ́, ìyẹn ọjọ́ méjì gbáko. Ẹ tẹ àṣẹ dig +trace NS, kí ẹ fi orúkọ dómèènì tẹ̀ lé e. Á bẹ̀rẹ̀ láti gbòǹgbò, á sọ̀ kalẹ̀ ní ìpele-ìpele. Ẹ fi ohun tí àwọn sáfà òkè sọ wé ohun tí nameserver yín sọ nípa ara rẹ̀. Bí wọn kò bá bára mu, kì í ṣe olè lọ́jọ́ gbogbo; ìgbà púpọ̀, ẹnì kan ló yí ilé-iṣẹ́ padà tó gbàgbé apá kan.

Kí ẹ sì yẹ orúkọ nameserver fúnra rẹ̀ wò, bóyá ó ṣì ní olówó. Ní 2017, Matthew Bryant, olùwádìí ààbò kọ̀ǹpútà, rí i pé orúkọ ns-a1.io, ọ̀kan lára àwọn nameserver tó gbé gbogbo .io dúró, wà lórí àtẹ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rà á. Ó rà á, wọ́n gba owó rẹ̀, ìbéèrè nípa àwọn dómèènì .io sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀.