Ògiri Tó Lanu

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ bá ilé sọ níbi àjọ̀dún wa

 

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń yẹ ilé wò la fẹ́ sọ. Nígbà tí a wà ní kékeré, wolé-wolé la mọ̀. Bó bá ti yọ sí àdúgbò, kálukú á sáré da omi àmù nù, kó má baà bá tanwíjí níbẹ̀. À ń sá fún un, a ò mọ̀ pé ara àwa ọmọdé ló ń ṣọ́, torí tanwíjí ló ń di ẹ̀fọn, ẹ̀fọn ló sì ń kó ibà ranni.

Lóde òní, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, LASBCA ló ń mójú tó ilé tí wọ́n ń kọ́ àti èyí tí a ti ń gbé. Òfin ọdún 2010 ló dá wọn sílẹ̀. Wọ́n á wò ó bóyá ilé bá ìwé àṣẹ mu, wọ́n lè fún onílé ní ìwé ìkìlọ̀, wọ́n lè ti ilé pa, wọ́n sì lè wó èyí tí kò ṣeé tún ṣe mọ́. Bí iyèméjì bá wà, ìjọba ní ilé iṣẹ́ tó ń dán kọnkéré àti irin wò.

Ẹ rántí Ìta Fájì, lọ́jọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019. Ilé gbígbé ni, ilé ìwé ọmọdé wà lókè rẹ̀. Ó wó láàárọ̀, tí àwọn ọmọ wà ní kíláàsì. Èèyàn 20 ló kú. Bẹ́ẹ̀, wọ́n ti sàmì sí ilé náà tẹ́lẹ̀ pé wíwó ni. Ẹ má sì sọ pé ilé àwọn tálákà nìkan ló ń wó. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó n'Ìkòyí. Ó lé ní 40 èèyàn tó bá a lọ.

Ẹ jẹ́ ká bọ̀ sílé. Wọ́n lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ ilé tí àwọn kan nínú wa gba ìsọ̀ sí. Onílé ní owó ni wọ́n ń wá, ó fi ọ̀dà kun ibi tó sán. Àwa náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó ká fi rí wọn. Ká má parọ́, àwa akọ̀wé yín dá síbẹ̀. Lóru ọjọ́ kan tí òjò rọ̀, sìmẹ́ńtì já láti òkè, ó fọ́ tábìlì ìsọ̀ kan yángá. Ká ní ọ̀sán ni ńkọ́? Owó tí a dá yẹn la fi kó ẹrù kúrò. Títí dòní, àwọn kan ò tíì rí gbogbo oníbàárà wọn gbà padà, onílé ò sì dá owó ìsọ̀ tó kù padà. A ò lè sọ pé kò dùn wá.

Òótọ́ ni pé àwọn kan ń fi ìwé dẹ́rù bani kí wọ́n lè gbowó. Ẹ bèèrè káàdì wọn, ẹ gba ìwé, ẹ má fi owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí olè wà nínú wọn, ìyẹn ò ní kí ògiri tó sán má wó.

Kí ẹ tó sanwó ìsọ̀, ẹ wo òpó, ẹ wo àjà, ẹ bèèrè ìwé-ẹ̀rí pé ilé náà yẹ fún lílò. Bí ògiri bá ń sán sí i, tí ilẹ̀kùn ò pa dé mọ́, ẹ kọ̀wé sí onílé, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Àwa náà ń bẹ ilé yìí pé ká ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀, tí ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n bá ti ìsọ̀ rẹ̀ pa lè yá láìsí èlé. Ẹni tí kò ríbi kó ẹrù lọ ló ń jókòó sábẹ́ àjà tó ń já.

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ìṣọ̀kan la máa ń fi òwe yìí wí. Lónìí, ẹ jẹ́ ká gbà á bó ṣe wà: ògiri tó bá lanu, aláǹgbá nìkan kọ́ ló ń gbabẹ̀ wọlé.

Ọjà á tà, a ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà.