Nígbà Tí Ọdẹ Bá Kọjú Ìbọn sí Onílé: Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ fún Lupus àti Àwọn Ẹbí Rẹ̀

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fà lápá aláìsàn kì í pẹ́ pín sí méjì nínú ìgò. Èyí tó pupa á rò sísàlẹ̀, omi aláwọ̀ ìyeyè á lé sókè. Omi yìí ni òṣìṣẹ́ láàbù ń wá. Á fi omi là á ní ìlọ́po 80, á kán an sórí gíláàsì pẹlẹbẹ tí sẹ́ẹ̀lì ènìyàn ti lẹ̀ mọ́, á ṣan án, á sì kán aró kan tí ń tàn lé e. Lẹ́yìn náà á paná yàrá, á fojú sí maikirosíkóòpù. Bí àǹtíbọ́dì tí ń bá kóró inú sẹ́ẹ̀lì jà bá wà níbẹ̀, kóró wọ̀nyẹn á máa tàn ní àwọ̀ ewé bíi tanátaná lóru. Àyẹ̀wò ANA nìyẹn.

Àǹtíbọ́dì ni ara fi ń lé kòkòrò àrùn. Ṣùgbọ́n nínú lupus tí ń ba oríkèé, awọ ara àti kíndìnrín jà, nínú scleroderma tí ń mú awọ ara le gbagidi, àti nínú àrùn Sjögren tí ń gbẹ itọ́ lẹ́nu àti omijé lójú, ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé ló kọjú ìbọn sí onílé.

Ní 1948, ní Mayo Clinic ní Minnesota, Hargraves, Richmond àti Morton rí sẹ́ẹ̀lì kan nínú mùdùnmúdùn eegun àwọn tó ní lupus tó ti gbé kóró sẹ́ẹ̀lì mìíràn mì. Níbẹ̀ ni ọ̀nà àyẹ̀wò yìí ti là. Sẹ́ẹ̀lì tí ọ̀pọ̀ láàbù ń tẹ́ sórí gíláàsì lónìí ni HEp-2. Wọ́n ti rò pé inú jẹjẹrẹ ọ̀fun ló ti wá, kó tó hàn pé sẹ́ẹ̀lì Henrietta Lacks ni, obìnrin adúláwọ̀ tó kú ní Baltimore ní 1951, lẹ́ni ọdún 31. Wọ́n gé lára jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ rẹ̀ láìgbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ṣe àyẹ̀wò yìí mọ orúkọ rẹ̀.

Bí kóró náà ṣe tàn tún ní ìtumọ̀. Òmíràn á mọ́lẹ̀ dọ́gba, òmíràn á rí tótòtó bí ìyẹ́ ẹtù. Àwọn àyẹ̀wò mìíràn ló ń tẹ̀ lé e: anti-dsDNA àti anti-Sm fún lupus, Scl-70 fún scleroderma, Ro àti La fún Sjögren. Inú orúkọ àwọn aláìsàn ni wọ́n ti yọ Sm, Ro àti La. Kí aláboyún má fojú kéré Ro: ó ń gba ibi ọmọ kọjá, nínú 100 ọmọ tí àwọn ìyá tó ní in bí, ó lè dínà ìlù ọkàn ọ̀kan tàbí méjì.

Síbẹ̀, ìwé àyẹ̀wò nìkan kò tó láti pe ènìyàn ní alárùn. Ìwádìí tí Eng Tan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1997 fi hàn pé bí 13 nínú 100 ènìyàn tí ara wọn le ni ANA wọn ń tàn ní ìlọ́po 80. Ẹlòmíràn á ní i títí ayé, nǹkan kan kò ní ṣe é. Ìdí nìyí tí ìlànà 2019 fún lupus fi ka ANA sí ilẹ̀kùn àbáwọlé lásán; oríkèé, awọ ara, kíndìnrín àti àwọn àmì mìíràn ló ń mú máàkì pé 10 tí wọ́n á fi pè é ní lupus. Ṣùgbọ́n ní 2003, nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ tí iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ti tọ́jú wò, 115 nínú ológun 130 tó padà ní lupus ni àǹtíbọ́dì ti wà lára wọn kí àrùn tó fojú hàn, àwọn kan fún ọdún tó lé ní 9.

Ní 1968, dókítà Brian Greenwood kọ̀wé láti Ìbàdàn pé irú àrùn wọ̀nyí ṣọ̀wọ́n gan-an láàárín àwọn tí wọ́n gbà sí ilé ìwòsàn UCH níbẹ̀. Ó fura pé ibà ló ń dáàbò bò wọ́n. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní Amẹ́ríkà, lupus ń mú obìnrin adúláwọ̀ ju obìnrin aláwọ̀ funfun lọ. Láti ìgbà náà, àwọn dókítà oríkèé ní Èkó àti Ìbàdàn ti ń rí i, nítorí wọ́n ń wá a. Pípọ́n tí ń yọ lẹ́rẹ̀kẹ́ aláìsàn kì í tètè hàn lára dúdú. Ọmọbìnrin tí oríkèé ń dùn, tí irun ń já, tí wọ́n ti tọ́jú ibà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí kò lọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ kó dé orí gíláàsì yẹn, kí wọ́n sì yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò lọ́jọ́ kan náà, torí kíndìnrín kì í pariwo bó bá ń bàjẹ́.