Ọ́ìlì Wo Ló Yẹ Mọ́tò Onítọ́bò? Ohun Tí Òkè Ọ̀kà Kọ́ Wa

Lónìí, ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì ọ́ìlì la fẹ́ sọ, pàápàá fún ẹ̀yin tí mọ́tò yín ní tọ́bò, tí ẹ sì ti ní kí wọ́n bá yín tune rẹ̀. Tí mọ́tò yín kò bá ní tọ́bò, ẹ má lọ o. Ẹ ó rí nǹkan mú.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí òkè Ọ̀kà.

Ọjọ́ Sátidé kan ni. Èmi àti bọ̀dá mi gbéra ní Ìkàrẹ́, à ń lọ ya fídíò ìgbéyàwó ní Ọ̀kà. Kámẹ́rà méjì, iná, maikirofóònù, gbogbo ẹ̀ wà nínú búùtù. Mọ́tò bọ̀dá mi la gbé, Golf GTI Tòkunbọ̀ ọdún 2012, ẹ́ńjìnì lítà 2, onítọ́bò. A la Àkùngbá kọjá, a kọjú sí ọ̀nà Ọ̀kà, òkè bẹ̀rẹ̀. Bọ̀dá mi tẹ̀ ẹ́. Mo wá gbọ́ ariwo kan tí n kò gbọ́ rí, bí ìgbà tí èèyàn ń súfèé láàárín eyín. Mo wo dígí ẹ̀gbẹ́, n kò rí ọ̀nà mọ́. Èéfín aláwọ̀ búlúù ti bo gbogbo ẹ̀yìn wa. Ọlọ́kadà kan tó wà lẹ́yìn ń pariwo pé, "Ẹ dúró o! Mọ́tò yín ń jóná!"

Mọ́tò kò jóná. Tọ́bò ló kú.

Ọ̀kadà mẹ́ta ló bá wa kó ẹrù dé ibi ìgbéyàwó. Ìyàwó ti wọlé, ó ti jókòó, kí a tó débẹ̀. Owó tí a ti ń tù jọ láti ọdún tó kọjá láti fi ra kámẹ́rà tuntun, tọ́bò ló gbé e mì. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, owó wa ni a fi kọ́ ọ. Ẹ̀yin gbà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí ni tọ́bò ń ṣe gan-an? Ọ̀pá kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ní abẹ̀bẹ̀ lórí méjèèjì. Èéfín gbígbóná tó ń jáde láti inú ẹ́ńjìnì ló ń yí abẹ̀bẹ̀ àkọ́kọ́. Èkejì á wá máa fa afẹ́fẹ́ láti ìta, á máa kì í bọ inú ẹ́ńjìnì. Afẹ́fẹ́ púpọ̀, epo púpọ̀, agbára púpọ̀. Ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan, Alfred Büchi, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí èrò yìí ní 1905. Ọ̀pọ̀ tírélà tí ẹ ń rí tó ń rọra pọ́n òkè Àkùngbá, tọ́bò ló ń tì í lẹ́yìn.

Ọ̀pá inú tọ́bò yẹn lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ kì í sábà kọjá 7,000. Irin kò gbọdọ̀ kan irin níbẹ̀ rárá. Orí ọ́ìlì tín-ín-rín ni ọ̀pá náà ń léfòó sí, bí ọkọ̀ ojú omi. Ọ́ìlì kan náà ló tún ń gbé ooru kúrò lára rẹ̀. Tí ọ́ìlì bá pẹ́ kó tó dé, tàbí tó ti jóná, tàbí tó ti ṣàn jù, irin á kan irin. Ó parí nìyẹn.

Golf bọ̀dá mi, agbára ẹṣin 200 ni ilé iṣẹ́ fún un. Ẹni tó tà á fún wa ti so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, ó sì ti tún ètò ẹ́ńjìnì náà kọ. Ohun tí àwa ọ̀dọ́ ń pè ní Stage 1 nìyẹn. Ó lè gbé irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ dé nǹkan bí 250. Wọn kò fi irin kankan kún un o. Tọ́bò kan náà ni, irin kan náà ni, ọ́ìlì tí kò tó lítà 5 kan náà ni. Iṣẹ́ nìkan ni wọ́n fi kún un. Iṣẹ́ yẹn sì rèé, ooru ló ń bí. Ìdí nìyí tí ọ́ìlì fi ṣe pàtàkì fún mọ́tò tí wọ́n ti tune ju mọ́tò tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn lọ.

Ó dáa. Kí ló wà nínú Golf lọ́jọ́ náà? 20W-50 ni, tí wọ́n bù láti inú àgbá.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ mọ́tò ti ń mi orí. Ẹ mú sùúrù. Bàbá mẹkáníìkì wa ló dà á sí i, ọ̀gá gidi sì ni wọ́n. Wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe kí wọ́n tó bí mi. Bọ̀dá mi lọ bá wọn pé mọ́tò ń gbóná. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mọ́tò tó bá ń gbóná, ọ́ìlì tó ki ló ń fẹ́." Ibi tí wọ́n ti kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn, ó tọ̀nà níbẹ̀. Ara Peugeot 504 ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́, ìgbà tí ilé iṣẹ́ Peugeot tó bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná ní 1975 ń to mọ́tò fún gbogbo Nàìjíríà. Ẹ́ńjìnì ìgbà yẹn, àlàfo àárín irin rẹ̀ fẹ̀ ju ti ìsinsìnyí lọ, kò sì ní tọ́bò. Ọ́ìlì tó ki bá a lára mu. Mọ́tò ló ti yí padà, ìmọ̀ràn ni kò yí.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé ike ọ́ìlì kan lọ́wọ́, ká kà á pọ̀.

Èyí tó tóbi jù níwájú: 5W-40. Àjọ SAE ti Amẹ́ríkà ló ṣe ìlànà nọ́ńbà yìí. W yẹn, ìgbà òtútù ló ń tọ́ka sí. Nọ́ńbà tó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn nígbà tí ó tutù. Bó bá ṣe kéré tó ló ṣe ń tètè ṣàn tó. Nọ́ńbà ẹ̀yìn ń sọ bó ṣe ki tó nígbà tó bá gbóná dé 100°C.

Ẹnìkan á ní, "Ṣé Ìkàrẹ́ ń tutù bí ìlú òyìnbó ni? Kí la fẹ́ fi 5W ṣe?" Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ní 100°C, àárọ̀ wa, ìbáà jẹ́ 24°C, òtútù ni lójú tirẹ̀. Ní àárọ̀ yẹn, 20W-50 ki ju 5W-40 lọ dáadáa. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé orí tọ́bò. Ìwọ̀nba àkókò kékeré yẹn, lójoojúmọ́, fún oṣù mẹ́fà, ẹ fi ọkàn ṣírò rẹ̀.

Nọ́ńbà kejì kì í sábà wà níwájú ike. HTHS ni wọ́n ń pè é. Ó ń wọn bí ọ́ìlì ṣe lè dúró gbọn-in ní 150°C nígbà tí irin ń fún un mọ́ra. Fún mọ́tò tí wọ́n ti tune, ẹ wá èyí tó tó 3.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọ́ìlì 30 kan tí wọ́n ṣe nítorí kí mọ́tò má jẹ epo púpọ̀, 2.9 ni òmíràn nínú wọn. Ẹ má da ara yín láàmú láti wá a. Tí ẹ bá ti rí ACEA A3/B4 lẹ́yìn ike, ó ti tó 3.5 nìyẹn.

Ìkẹta ni baba gbogbo wọn: nọ́ńbà ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò yín. Ti Golf yìí ni VW 502 00. Ọ̀pọ̀ Mercedes oníbẹntiróò ń béèrè MB 229.5. Ọ̀pọ̀ BMW ń béèrè Longlife-01. Ẹ ṣí ìwé tó bá mọ́tò wá, ẹ wo ti yín. Ẹ tún ṣọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà. Tó bá jẹ́ "approved", ilé iṣẹ́ mọ́tò ti yẹ ọ́ìlì náà wò, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Tó bá jẹ́ "meets" tàbí "recommended for", ẹni tó ṣe ọ́ìlì ló ń jẹ́rìí ara rẹ̀.

Ìkẹrin: API. Ẹ wá SP, tó jáde ní 2020. Àìsàn kan wà tó máa ń ṣe àwọn ẹ́ńjìnì onítọ́bò tó ń fọ́n epo tààrà sínú ibi tí iná ti ń jó. LSPI ni orúkọ rẹ̀. Epo á gbiná kí àkókò rẹ̀ tó tó, nígbà tí ẹ́ńjìnì ń yí jẹ́jẹ́ ṣùgbọ́n tí ẹ tẹ̀ ẹ́ lójijì nínú jíà gíga. Ẹ kò rí i pé ohun tí à ń ṣe lórí òkè gan-an nìyẹn? Ó lè fọ́ piston. Calcium tó pọ̀ nínú ọ́ìlì wà lára ohun tó ń fà á, ìlànà SP sì wà lára ohun tí wọ́n fi dènà rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ pé tírélà ní tọ́bò, mọ́tò mi náà ní tọ́bò, kí ẹ wá da 15W-40 onídísù sínú mọ́tò oníbẹntiróò. Tọ́bò jọ ara wọn, iṣẹ́ wọn kò jọra.

Ohun tí a ń lò báyìí rèé: 5W-40, synthetic pátápátá, tó ní VW 502 00, A3/B4 àti API SP lára ike kan náà. Ẹ ó bi mí pé, "Nígbà tí mo ti tune, ṣé kí n má lọ sí 10W-60?" Rárá, àyàfi tí ẹni tó tú ẹ́ńjìnì yín tò bá fi àlàfo tó fẹ̀ sí i, tó sì ní kí ẹ lò ó. Kíki kọ́ ni agbára.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìpín tiwa nínú ẹ̀bi náà, torí bàbá nìkan kọ́ ló pa tọ́bò.

Ẹni tó tú tọ́bò fi páìpù tó ń gbé ọ́ìlì wọ inú rẹ̀ hàn wá. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò tí wọ́n fi iná igi sè. Ọ́ìlì tó jóná ló di èédú síbẹ̀, ọ̀nà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí. Ó bi wá pé, "Tí ẹ bá gun òkè tán, kí lẹ máa ń ṣe?" Bọ̀dá mi ní, "A máa ń pa á, ká sọ̀ kalẹ̀." Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín. Tí ẹ bá pa ẹ́ńjìnì lẹ́yìn iṣẹ́ líle, ọ́ìlì dúró, ooru kò dúró. Ìwọ̀nba ọ́ìlì tó kù nínú tọ́bò á máa yan gbẹ. Ẹ wakọ̀ jẹ́jẹ́ ní kìlómítà tó kẹ́yìn, tàbí kí ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lórí ìdúró fún ìṣẹ́jú kan sí méjì kí ẹ tó pa á. Láàárọ̀ pẹ̀lú, ẹ má tẹ̀ ẹ́ kó tó móoru.

Ó tún béèrè ìgbà tí a pààrọ̀ ọ́ìlì kẹ́yìn. A ti rìn ju 11,000 kìlómítà lọ. Ìwé mọ́tò náà gbà wá láyè dé 10,000 máìlì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ́ìlì tó tọ́ ni wọ́n ní lọ́kàn, àti mọ́tò tí ẹnikẹ́ni kò tune. Àwa, 5,000 kìlómítà ni báyìí, pẹ̀lú fítà tuntun. Gbogbo ọjọ́ Sátidé, kí a tó jáde lọ ya fídíò, mo máa ń yọ ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, mo nù ún, mo wò ó. Onítọ́bò máa ń jẹ ọ́ìlì díẹ̀díẹ̀, kò sì ní pariwo.

Ó ku ọ̀rọ̀ ayédèrú. Gbogbo nọ́ńbà tí mo kà yìí, òfo ni tí ohun tó wà nínú ike kò bá jẹ́ ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Àjọ SON tó ń ṣọ́ ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà ti kìlọ̀ léraléra nípa ọ́ìlì ayédèrú. Ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ lè padà lọ bá. Ẹ wo ọrùn ike bóyá wọ́n ti já a rí. Tó bá wà nínú páálí, ẹ wo bóyá nọ́ńbà ara páálí àti ti ara ike bára mu. Tí owó rẹ̀ bá rọ̀ jù ti gbogbo èèyàn lọ, ẹ sá. Tí ẹ bá sì lò ó tán, ẹ fi ọ̀bẹ ya ike náà kí ẹ tó jù ú nù. Ike òfìfo yín ni wọ́n ń rọ ìdọ̀tí sí, tí wọ́n fi ń tà fún ọmọ ẹlòmíràn.

Mo padà lọ sọ́dọ̀ bàbá mẹkáníìkì. N kò lọ jà. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nọ́ńbà yìí." Wọ́n wá awò wọn wọ̀. Wọ́n kà á sókè: VW 502 00. Wọ́n ní, "Ta ló kọ èyí?" Mo ní, "Àwọn tó ṣe mọ́tò náà ni, sà." Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ṣí i síwájú, wọ́n ṣí i sẹ́yìn. Wọ́n wá wò mí lójú. "Ọmọ mi, kí ló dé tí ẹ kò fi ìwé yìí hàn mí láti ọjọ́ yìí wá?"

N kò rí èsì fọ̀. Ìwé náà wà nínú àpótí iwájú mọ́tò láti ọjọ́ tí a ti rà á. A mọ iye agbára ẹṣin tí tune fi kún un. A kò ṣí ìwé wò rí.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra ọ́ìlì mìíràn, ẹ lọ ṣí àpótí iwájú mọ́tò yín. Tí ìwé bá wà níbẹ̀, ẹ ya fọ́tò ojú ewé ọ́ìlì, ẹ fi ránṣẹ́ sí mẹkáníìkì yín, ẹ fi "ẹ jọ̀ọ́ sà" sí i. Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín tó ń fi mọ́tò dárà. Ó dìgbà kan ná. Ẹ rọra gun òkè o.