ÒKÈLÈ ÀTI ÀRÙN ÀTỌ̀GBẸ
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé àpapọ̀ ọdọọdún ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa)

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà, omi àti ilé-ìwé ni a sábà máa ń sọ níhìn-ín. Lónìí, ọ̀rọ̀ abọ́ oúnjẹ ni a gbé wá, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ le ni í tún ìlú ṣe.

Àrùn àtọ̀gbẹ, tí àwọn mìíràn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, ń pọ̀ sí i láàárín wa. Ìgbìmọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oládipọ̀ Akínkúgbé ṣe alága rẹ̀ wádìí káàkiri Nàìjíríà. Ìròyìn wọn tí ó jáde ní 1997 fi hàn pé nǹkan bí 2.2 nínú 100 àgbàlagbà ni ó ní in. Nígbà tí àwọn onímọ̀ mìíràn ṣe àkópọ̀ ìwádìí púpọ̀ ní 2018, wọ́n bá a ní nǹkan bí 5.8 nínú 100. Àrùn yìí kì í pariwo. Ó lè ba ojú, kíndìnrín àti ẹsẹ̀ jẹ́ kí ẹni tí ó ní in tó fura.

Kí ni kí aláàtọ̀gbẹ máa jẹ? Ìdáhùn àwọn oníṣègùn fúnra wọn ti yí padà. Kí wọ́n tó rí ínsúlínì ní Toronto, ní ilẹ̀ Kánádà, ní 1921, ebi ni ọ̀pọ̀ dókítà fi ń tọ́jú àrùn náà. Nígbà tí ó di 1986, American Diabetes Association gbà pé oúnjẹ afúnnilókun lè kó tó 55 sí 60 nínú 100 agbára tí ènìyàn ń rí nínú oúnjẹ. Ní 2019, ẹgbẹ́ kan náà sọ pé kò sí iye kan pàtó tí ó bá gbogbo ènìyàn mu, àti pé dídín oúnjẹ afúnnilókun kù ni ẹ̀rí rẹ̀ pọ̀ jù lọ fún mímú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ní Ìlú Ọba, ìgbìmọ̀ ìjọba lórí oúnjẹ gbà ní 2021 pé àgbàlagbà tí ó sanra jù, tí ó sì ní àtọ̀gbẹ irú kejì, lè gba ọ̀nà yìí fún ìgbà díẹ̀.

Báwo ni èyí ṣe kan ìkòkò tiwa? Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé bí aláàtọ̀gbẹ bá ti fi ẹ̀bà sílẹ̀, tí ó mú àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí òkèlè àlìkámà, ó ti bọ́ nínú ewu. Nígbà náà ni wọn óò rọ ọ́ kún abọ́ fún un bí òkè. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá. Nínú 100 gírámù gàrí gbígbẹ, ohun afúnnilókun lé ní 80 gírámù. Èlùbọ́ kò jìnnà sí i. Gbogbo wọn ni í di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Òmíràn lè yára, òmíràn lè falẹ̀, ṣùgbọ́n bí òkèlè bá ti pọ̀ jù, orúkọ rẹ̀ kò lè gbani.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni kọ oúnjẹ baba rẹ̀. Ohun tí a ń wí ni pé kí ọbẹ̀ pọ̀, kí òkèlè kéré. Ẹ pín abọ́ sí mẹ́rin: kí ẹ̀fọ́, ewédú tàbí ilá gba ìdajì, kí ẹja, ẹran, ẹyin tàbí ẹ̀wà gba ìdámẹ́rin, kí òkèlè gba ìdámẹ́rin tí ó kù. Kí omi sì rọ́pò ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlú Ọba, ẹ má ṣe sọ pé ìwé tí ilé ìwòsàn fún yín, tí ó dárúkọ ànàmọ́ òyìnbó nìkan, kò kàn yín. Ní King's College London, wọ́n ṣe ètò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ HEAL-D fún àwọn aláàtọ̀gbẹ tí ó jẹ́ ọmọ Áfíríkà àti Kàríbíánì, pẹ̀lú ìmọ̀ràn àwọn ènìyàn náà fúnra wọn. Ẹ béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà yín.

Ìkìlọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fò. Ẹni tí ó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì tàbí tí ó ń lo oògùn bíi glibenclamide kò gbọdọ̀ ṣàdédé gé òkèlè kúrò láìsọ fún dókítà. Ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀ jù: yóò máa gbọ̀n, yóò máa làágùn, ó lè dákú, ó sì lè kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ààwẹ̀ Ràmàdáánì, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbà: kí aláàtọ̀gbẹ rí dókítà kí oṣù tó lé. Ọmọ tí ara rẹ̀ kò sì lè ṣe ínsúlínì fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ pàdánù abẹ́rẹ́ rẹ̀ nítorí oúnjẹ tàbí àgbo kankan.

Nítorí náà a gbé àbá méjì wá. Èkíní, kí a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo ẹni tí ó bá wá sí ìpàdé yìí wò lọ́dọọdún. Kí àwọn ẹ̀ka wa lẹ́yìn odi sì ràn wá lọ́wọ́ láti ra ohun èlò rẹ̀. Èkejì, kí oúnjẹ ìpàdé yìí fúnra rẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ: ọbẹ̀ púpọ̀, òkèlè díẹ̀, omi tútù.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a tún pàdé ní àmọ́dún, kí a fi ẹsẹ̀ ara wa rìn wá, kí a sì fi ojú ara wa rí ara wa.